Ìfojúsọ́nà kọ́ ni háìpù

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ ilé yìí, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ka àbá tí Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìbàdàn fi síwájú wa, pé ká máa pe ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní háìpù ("hype" lédè Gẹ̀ẹ́sì, ariwo àti ìgbóná ara tó ń ṣáájú nǹkan tuntun) ní "ìfojúsọ́nà". Àpẹẹrẹ méjì ni wọ́n mú wá: bí ara àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ṣe máa ń rí kí Ife Àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀, àti bí àwọn ọmọ wa ṣe ń fi ìka ka ọjọ́ tí géèmù tuntun máa jáde. Àwọn kan ti fọwọ́ sí i. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ pé èmi ò ní lè fọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni ìfojúsọ́nà. Ẹni tó ń fojú sọ́nà jókòó, ó ń wo ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé ẹni tó ń bọ̀ á dé. Bí àlejò bá pẹ́, á ní kò burú, bóyá ọkọ̀ ló dá a dúró. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ GTA VI, géèmù tí ilé iṣẹ́ Rockstar ń ṣe. Rockstar kọ́kọ́ sọ pé 2025 ni géèmù náà máa jáde. Wọ́n sún un sí 26 oṣù Karùn-ún 2026, wọ́n tún gbé e lọ sí 19 oṣù Kọkànlá ọdún kan náà. Ṣé ẹ rí ohun tí àwọn ènìyàn kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tí wọ́n sún un lẹ́ẹ̀kejì? Èébú, ẹkún, ẹ̀fẹ̀, gbogbo rẹ̀ dà pọ̀. Ọmọ àbúrò mi kan ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní òun ò ṣe mọ́, kí wọ́n gbé géèmù wọn jẹ. Kó tó di alẹ́, ó tún ti ń wo fídíò tí wọ́n fi polówó rẹ̀, ó ń dá a dúró níbi tí mọ́tò kan ti ń kọjá, ó ń fi ìka tọ́ka sí nọ́ńbà ara rẹ̀ pé àṣírí kan wà níbẹ̀. Ta ló ń fojú sọ́nà báyìí?

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ta kókó ni pé nǹkan méjì ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì dì sínú ẹrù kan ṣoṣo. Ọ̀kan ni ohun tó ń ṣe olólùfẹ́. Èkejì ni ohun tí ẹni tó ń tajà ń ṣe sí i. Kò sí ìdí tí àwa náà fi gbọ́dọ̀ dì í bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ti olólùfẹ́ ná. Ara ni háìpù ti ń mú un. Kò ní lè jókòó, á máa fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, oorun á dá lójú rẹ̀. Yorùbá ti ní gbólóhùn fún èyí tipẹ́: ara rẹ̀ ń yá gágá. Ẹ sì wo orúkọ tí a fún irú eré yìí gan-an: eré ìdárayá, eré tó ń dá ara yá. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ kò wo bọ́ọ̀lù, kò wo ife ẹ̀yẹ. Ohun tí eré ń ṣe sí ara ènìyàn ló wò. Ara ẹni tó wà lórí pápá ń yá, ara ẹni tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n náà ń yá. Ọ̀rọ̀ tí à ń wá kiri ti wà nínú ilé.

Àwọn olólùfẹ́ fúnra wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 7 oṣù Kejì 2024, Nàìjíríà àti South Africa pàdé ní Bouaké, ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà. A ti ń fi 1-0 ṣíwájú, Osimhen wá gbá èkejì wọlé. Ní ilé ìwòran tí mo wà, ẹnì kan ti da mọ́líìtì sí mi láṣọ, mi ò sì bínú. Adájọ́ wá lọ wo VAR, fídíò tí wọ́n fi ń yẹ ìdájọ́ wò. Ó fagi lé góòlù náà, ó ní kí South Africa gbá pẹnárítì, nítorí pé agbábọ́ọ̀lù wa kan ti kọ́ Percy Tau tiwọn lẹ́sẹ̀ níwájú ilé tiwa kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ Osimhen rárá. Mokoena gbá a wọlé. Bàbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Ara mi ti kú." Nígbà tó di pé wọ́n ń gbá pẹnárítì láti mọ ẹni tó borí, tí Nwabali, aṣọ́lé wa, mú méjì, tí a jáwé olúborí pẹ̀lú 4-2, bàbá yìí kan náà ló pariwo pé, "Ara mi ti jí o!" Ara yá, ara kú, ara jí. Ìfojúsọ́nà ò ní irú ẹbí báyìí.

Ẹnì kan á ní "ara yá" ni a fi ń sọ pé aláìsàn ti gbádùn. Òótọ́ ni. Àmọ́ bí mo bá ní ara Bàbá ti yá, ilé ìwòsàn ni ọkàn yín máa lọ. Bí mo bá ní ara Bàbá ń yá gágá, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti rí nǹkan. Ibi tí wàhálà wà ni bí a ó ṣe sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ. Arábìnrin wa tó ń kọ́ni ní London ti dábàá "ìyáragágá". Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ìyára ni etí á kọ́kọ́ gbọ́, ìyára sì ti ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá gbá géèmù bọ́ọ̀lù PES nígbà tí Obafemi Martins ṣì wà ní Inter Milan mọ iṣẹ́ náà dáadáa: ẹ sáà ti ta bọ́ọ̀lù síwájú rẹ̀, kò sí adẹ́yìnmú tó máa lé e bá. Nítorí náà "arayíyá" ni mo fara mọ́, kí a máa fi gágá kún un nígbà tó bá gbóná. Arayíyá Ife Àgbáyé. Arayíyá géèmù tuntun.

Ó wá ku ti ẹni tó ń tajà. Lọ́dọọdún, kó tó di oṣù Kẹsàn-án tí EA Sports sábà máa ń gbé géèmù bọ́ọ̀lù wọn jáde, wọ́n á ti fi fídíò síta, wọ́n á ti ya agbábọ́ọ̀lù ńlá kan sára páálí, gbogbo ayé á ti gbọ́. Ara wọn ò yá o, ìṣirò owó ni wọ́n ń ṣe. Iṣẹ́ onílù ni. Onílù á tẹjú mọ́ ọ lóde àríyá, á ki bàbá rẹ, á ki ìyá rẹ, orí rẹ á yá, o ò ní mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ wọ àpò. Ìyánilórí ni mo pe èyí. Ọ̀kan lè wà láìsí ìkejì: ìyánilórí eFootball 2022, géèmù bọ́ọ̀lù ilé iṣẹ́ Konami, pọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Konami gbé e jáde ní ìparí oṣù Kẹsàn-án 2021, ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù inú rẹ̀ rí wúruwùru débi pé yẹ̀yẹ́ ni àwọn ènìyàn fi ṣe, Konami sì ní láti tọrọ àforíjì. Kò sí arayíyá kankan níbẹ̀.

Àwọn tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ inú ilé kò lè gba eré òde òní, ẹ tẹ́tí sí àwọn oníròyìn eré ìdárayá lórí rédíò. Bí ẹgbẹ́ méjì bá gbá 1-1, wọ́n á ní wọ́n ta ọ̀mì. Ta kẹ̀? Gbígbá là ń gbá bọ́ọ̀lù, kì í ṣe títa. Ayò là ń ta, inú ayò ni ọ̀mì ti wá, òun náà ni "àmì ayò" tí a fi ń ka góòlù. Kò sí ìgbìmọ̀ tó jókòó lé e lórí. (Orílẹ̀-èdè 48 ni Ife Àgbáyé 2026 wà fún, ọmọ ayò 48 ló sì wà nínú ọpọ́n. Mi ò fi ìyẹn pa òwe kankan o, ó kàn dùn mọ́ mi ni. Ó dùn mí náà, torí DR Congo já wa sọ́nà ní Rabat, Nàìjíríà ò sí nínú 48 ọ̀hún.)

Àwọn àbá yòókù, kíákíá. "Eré orí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán" fún géèmù ti gùn jù, ẹ jẹ́ kí géèmù máa jẹ́ géèmù. EA ti yọ orúkọ FIFA kúrò lára géèmù bọ́ọ̀lù wọn láti 2023, síbẹ̀ "ẹ jẹ́ ká gbá fífà" ni àwọn ọmọ ṣì ń wí; ẹ ò lè fi àbá dá wọn dúró. "Ìyọjú" fún fídíò kékeré tó ń ṣáájú géèmù dára gan-an, "ìtọ́wò" fún èyí tí wọ́n gbà wá láyè láti gbá díẹ̀ nínú rẹ̀ náà dára. Ẹni tó ní ká máa pe góòlù mẹ́ta tí ẹnì kan ṣoṣo gbá wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, bíi ti Ademola Lookman ní Dublin ní 2024, ní "ẹ̀ta-òkò" rẹ́rìn-ín pa mí. Orúkọ ìbẹta ni, òkò sì tún ni ohun tí à ń sọ luni. Mo fọwọ́ méjèèjì sí i.

Ìbéèrè kan ló kù, ẹ̀yin ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ ni mo sì ń bi. Èdè Faransé ló wà ní ilé ìwé lọ́dọ̀ yín, kò dájú pé háìpù ti wọlé síbẹ̀. Bí Benin bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lọ́la, kí ni àwọn ọmọ yín ń sọ pé ó ń ṣe wọ́n lálẹ́ òní?