Òróró ẹfinrin lórí bakitéríà: kí ló dé tí òǹkà dísìkì kò bára mu?

Akẹ́kọ̀ọ́_Mọ́kọ́lá: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà lábù. Òróró olóòórùn tí a fi Clevenger (ohun èlò tó ń fi oru omi fa òróró) fà jáde lára ewé ẹfinrin la ń dán wò lórí Staphylococcus aureus ATCC 25923 àti E. coli ATCC 25922. Dísìkì 6 mm, òróró 10 µL lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ágà Mueller-Hinton (oúnjẹ bakitéríà tó dì). Lórí pléètì mẹ́ta tó yẹ kó jọra, ọ̀kan fún wa ní 9 mm (ìbú ibi tí bakitéríà ò ti hù yí dísìkì ká), èkejì 16, ẹ̀kẹta 12. Gentamicin, oògùn apa-bakitéríà tí a fi ṣe àfiwé, ò yẹsẹ̀. Kí ló ń fà á? Báwo la ṣe lè rí MIC (ìwọ̀n òróró tó kéré jù tí kò ní jẹ́ kí bakitéríà hù)?

Ìyá_Lábù: Àbúrò, gentamicin tó dúró sójú kan fi hàn pé bakitéríà yín ò níṣòro. Òróró ni kí ẹ mú. Gentamicin ń yọ́ nínú omi, ó sì ń bá omi inú ágà rìn. Òróró kì í bá omi rẹ́: ojú dísìkì ló máa jókòó sí, púpọ̀ nínú rẹ̀ á sì ti fò lọ kí bakitéríà tó hù. Bí ìdérí pléètì kan bá fún ju ti èkejì lọ, òǹkà á yàtọ̀. Ẹ wọn ìjìnlẹ̀ ágà náà, 4 mm ló yẹ kó jẹ́. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ nìkan ni dísìkì wà fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mílímítà ẹfinrin wé ti kànáfùrù kí ẹ wá ní èyí lágbára ju ìyẹn lọ.

Ọmọ_Sángo: Fún MIC, ẹ lo pléètì oníhò 96. Ẹ po Tween 80 (ohun tó ń jẹ́ kí òróró pò mọ́ omi) mọ́ broth Mueller-Hinton (oúnjẹ bakitéríà olómi), kó jẹ́ 1%. Ẹ bu òróró 40 µL, ẹ fi broth yìí kún un dé 1 mL, ẹ gbọ̀n ọ́n lórí vortex títí á fi funfun bí omi ògì. Lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ bu 200 µL rẹ̀ sí ihò 1. Bó bá dúró pẹ́, òróró á léfòó, ohun tí pípẹ́ẹ̀tì bá gbé ò ní dọ́gba mọ́. Broth oní-Tween 100 µL nínú ihò 2 dé 11. Ẹ gbé 100 µL láti 1 sí 2, láti 2 sí 3, títí dé 10, kí ẹ da 100 µL ìkẹyìn nù.

Ẹ ṣe bakitéríà ní 0.5 McFarland (òṣùwọ̀n bí omi bakitéríà ṣe dàrú tó), ẹ fi broth lásán là á ní ìlọ́po 150, ẹ fi 100 µL sí ihò 1 dé 11. Òróró á di 2% ní ihò 1, 1% ní ihò 2, bẹ́ẹ̀ ló máa ń lọ. Bakitéríà á tó 5 × 10⁵ nínú mL kan. Ihò 11 gbọ́dọ̀ hù. Bí kò bá hù, Tween lẹ ń dán wò, kì í ṣe ẹfinrin. Ihò 12 jẹ́ broth nìkan. 35 °C, wákàtí 16 sí 20.

Ẹ má fi ojú lásán kà á, torí òróró fúnra rẹ̀ ń mú omi dàrú. Resazurin (aró tí bakitéríà tó wà láàyè ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà) 0.015%, 30 µL, wákàtí 2 sí 4: búlúù, kò hù, pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó hù. Ẹ ní ìlà kan tó ní òróró láìsí bakitéríà, bóyá òróró fúnra rẹ̀ ń yí àwọ̀ padà.

Alágbàáà: Oru òróró ń fò láti ihò kan sí ìkejì, ẹ fi fíìmù bo pléètì, ẹ sì fi ìlà kan sílẹ̀ lófo láàárín òróró méjì. Òróró èèpo ọsàn àti kànáfùrù ń jẹ polystyrene, ike tí wọ́n sábà fi ń ṣe pléètì. Ike polypropylene ni kí ẹ lò fún wọn.

Kí ẹ tó da resazurin sí i, ẹ gbé 10 µL láti inú ihò kọ̀ọ̀kan sórí ágà tí kò ní òróró. Nǹkan bí 5,000 bakitéríà ló wà nínú 10 µL níbẹ̀rẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí àkójọ bakitéríà 5 tàbí tó dín lórí ágà lọ́jọ́ kejì, 99.9% ti kú níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Mọ́kọ́lá: Ẹ ṣeun gan-an. Ọjà Bódìjà la ti ra ewé náà, ṣé ó burú?

Ìyá_Lábù: Kò burú, àmọ́ ẹ gbé ẹ̀ka tó ní òdòdó lọ sí Forest Herbarium Ibadan (ibi tí wọ́n ń kó ewéko gbígbẹ pamọ́ sí) kí wọ́n dá a mọ̀, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀ka náà. Ẹfinrin kan lè kún fún thymol, òmíràn fún eugenol, nítorí náà ẹ ṣe GC-MS (àyẹ̀wò tó ń fi èròjà inú òróró hàn) fún òróró yẹn gan-an. Ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ ni kí ẹ kó o sí, 4 °C, kó kún dé ẹnu.