Gìtá olówó pọ́ọ́kú fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ: kí lẹ ti bá pàdé?

Ìyá Olórin: Ẹ kú ilé o. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló fẹ́ kọ́ gìtá, owó ò sì tó nǹkan. Oníṣọ́ọ̀bù ní 38 inches ni ká gbé. Kí lẹ ti bá pàdé lára àwọn gìtá olówó pọ́ọ́kú yìí?

Dókítà Okùn: Àǹtí, 38 ti tóbi jù fún un. 36 inches ni, èyí tí wọ́n ń pè ní 3/4. Ẹ má wo àwọ̀ rárá. Ẹ mú káàdì ATM mẹ́ta dání lọ sọ́jà, ẹ tò wọ́n léra, ẹ tì wọ́n sáàárín okùn tó nípọn jù àti fírẹ́ẹ̀tì kejìlá (fírẹ́ẹ̀tì ni àwọn irin tín-ín-rín tó dábùú ọrùn gìtá, láti apá orí lẹ ti máa kà á). Káàdì kan ò pé mìlímítà 0.8, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jẹ́ bíi 2.3. Tí wọ́n bá wọlé tí wọ́n ń fara kan okùn fẹ́lẹ́, ó dáa fún gìtá olókùn irin. Tí káàdì mẹ́rin bá wọlé tí àyè tún ṣẹ́ kù, ìka ọmọ yẹn á bó, gìtá á sì di ohun tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé e sójú bí ọdẹ tó ń wo ẹran lẹ́nu ìbọn, ẹ wo ọrùn rẹ̀ láti apá orí. Tó bá lọ́, ẹ dá a padà fún wọn.

Ọmọ Alábá: Gìtá olókùn nylon ni kẹ́ ẹ rà. Ọ̀rọ̀ parí.

Agbókùn: Kò tíì parí o. Ọrùn gìtá nylon fẹ̀: mìlímítà 52 lókè, nígbà tí ti okùn irin jẹ́ bíi 43. Báwo ni ìka kékeré ṣe máa na dé kọ́ọ̀dù G, ìyẹn ohùn mélòó kan tí wọ́n ń tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?

Ọmọ Alábá: 52 yẹn ti àgbà ni, ẹ̀gbọ́n. 3/4 ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìka tó ti bó ò sì lè tẹ kọ́ọ̀dù kankan, ì báà jẹ́ G ì báà jẹ́ H.

Kọ́ọ̀dù G: H kẹ̀ 😂

Ayọ̀ Kóòsì: Nylon kì í dún síta nínú ìjọ. Ṣebí wọ́n kàn lè fi okùn irin rọ́pò?

Dókítà Okùn: HÁÀ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Okùn nylon mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń fa gìtá bíi kílò 40. Okùn irin mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní 12 (bó ṣe nípọn tó nìyẹn, kì í ṣe iye okùn) ń fà á ju kílò 70 lọ. Gúlúù nìkan ló di bíríìjì nylon mú, ìyẹn igi tí wọ́n so okùn mọ́ lórí ikùn gìtá, igi inú rẹ̀ tínrín, ọ̀pọ̀ ni ò sì ní irin nínú ọrùn. Ikùn gìtá á kọ́kọ́ wú lẹ́yìn bíríìjì. Tó bá dọ̀sán ọjọ́ kan, gbàà!

Agbókùn: Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú dókítà nìyẹn. Ẹ mú bébà A4 kan dání pẹ̀lú, ẹ gbìyànjú láti tì í sábẹ́ bíríìjì. Tó bá wọlé, gúlúù ti ń jẹ́wọ́. Bí ọlọ́jà bá ní “ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ ni”, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Kọ́ọ̀dù G: Gúlúù ti ń jẹ́wọ́ 😂😂 Ẹni tó fi gìtá sínú mọ́tò lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn náà á gbọ́ ìjẹ́wọ́ yẹn.

Aláriwísí: Gbogbo káàdì àti bébà yìí. Ẹ ra tòkúnbọ̀ Yamaha, kẹ́ ẹ sinmi. C40 fún nylon, F310 fún okùn irin.

Ọmọ Alábá: Àgbà ni méjèèjì wà fún, ọ̀gá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án la ń sọ. Tòkúnbọ̀ pàápàá, fírẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lè ti jẹ. Ẹ wo abẹ́ okùn ní fírẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ sí ìkẹta. Tí ihò bá ti jìn níbẹ̀, á máa dún ẹẹ̀n-ẹẹ̀n bí eṣinṣin inú ìgò.

Aláriwísí: Mo gbà. Fún bàbá rẹ̀ nígbà náà.

Ayọ̀ Kóòsì: Tí okùn bá ga lóòótọ́ ńkọ́, ṣé kò látùn-únṣe?

Dókítà Okùn: Ó ní, tí ọrùn bá ṣáà gún. Ẹ tú okùn, ẹ fa eegun funfun tó jókòó lórí bíríìjì yọ. Ẹ tẹ́ sáńpépà 220 sórí táìlì tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ máa fa ìdí eegun náà lórí rẹ̀, kì í ṣe orí rẹ̀ o! Ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ dín kù ní fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, ìlọ́po méjì rẹ̀ lẹ máa há kúrò: ẹ fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ ní 0.5, ẹ há mìlímítà 1. Ẹ fi pẹ́ńsù fàlà sí i kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá há a jù á ra òmíràn.

Kọ́ọ̀dù G: Ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ gìtá oníná. Okùn 9 rẹ̀ tínrín, ó sì rọ̀ lábẹ́ ìka ju okùn irin 12 yẹn lọ. Òun náà lẹ ń gbọ́ nínú orin Ebenezer Obey.

Agbókùn: Ẹ ra gìtá, ẹ ra ampú, ẹ ra wáyà, ẹ wá lọ bẹ NEPA.

Kọ́ọ̀dù G: Kò pọn dandan kéèyàn tan ampú kó tó kọ́ kọ́ọ̀dù! Ó ń dún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láìsí iná, ará ilé á sì rójú sùn.

Ọmọ Alábá: Ìyẹn náà dáa o. Ìyá Olórin, kẹ́ ẹ tó sanwó: ẹ fi ìka kan okùn fẹ́lẹ́ lókè fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, ẹ ta á, kó dún bí agogo. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, ẹ tún ta á. Ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba lórí áàpù tuner inú fóònù, èyí tó ń wọn bí ohùn ṣe ga tó. Tí èyí tẹ́ ẹ tẹ̀ bá fi púpọ̀ ga ju èkejì lọ, gìtá yẹn ò ní bá ara rẹ̀ mu láé.

Ìyá Olórin: Ẹ ṣé gan-an ni. Káàdì ATM méjì péré ló wà nílé. Ṣé káàdì ìdìbò lè ṣe ẹ̀kẹta?

Agbókùn: Ó lè ṣe é. Ẹ ṣáà má gbàgbé ẹ̀ sábẹ́ okùn.