Oníbàárà dá ẹran ẹlẹ́dẹ̀ padà, ó ní ó ń rùn bí òbúkọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì (Òkè-Àró):
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará. Mi ò kì í tẹ akọ ẹlẹ́dẹ̀ mi lọ́dàá. Mo wà níbẹ̀ nígbà kan tí wọ́n ń ṣe é, igbe ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ yẹn ò kúrò létí mi dòní. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pa akọ olóṣù mẹ́wàá kan. Obìnrin tó ń bá mi ra ẹran tó ń dín tà dá kílò mẹ́jọ padà. Ó ní bí ọ̀rá ẹ̀ ṣe kan epo gbígbóná báyìí, òórùn gba gbogbo ìsọ̀. Ọkọ mi jẹ nínú ẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Dókítà Ẹran:
Àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́, Ìyá Ìbejì. Nǹkan méjì ló ń fà á: androstenone, tí kóró ẹpọ̀n akọ tó ti tó gun abo ń ṣe, àti skatole, tó ń wá láti inú ìfun. Inú ọ̀rá ni wọ́n ń kó sí, iná ló ń tú wọn síta. Àwọn kan wà tí imú wọn ò lè gbọ́ androstenone láéláé, bí a ṣe bí wọn ni. Àwọn obìnrin ló sì sábà máa ń gbọ́ ọ jù. Ẹ gba ti ẹni tó ń dín in.

Adé (Hamburg):
Ní Jámánì níbí, láti oṣù kìíní ọdún 2021, òfin ò gbà kí wọ́n tẹ ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ lọ́dàá láìkọ́kọ́ fún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora. Abẹ́rẹ́ kan tún wà, Improvac, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gún un kí wọ́n tó pa ẹran. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé họ́mọ́ọ̀nù ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ara ẹlẹ́dẹ̀ fúnra ẹ̀ ló ń dá iṣẹ́ ẹpọ̀n dúró, bí àjẹsára.

Àǹtí Bísí (London):
Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ níbí kì í tẹ̀ wọ́n lọ́dàá. Nǹkan bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà ni wọ́n ti ń pa wọ́n. Oṣù mẹ́wàá tiyín ti pọ̀ jù, ẹ̀gbọ́n mi.

Bàbá Alápatà:
Ẹ jẹ́ kí ilé wọn máa gbẹ. Ẹlẹ́dẹ̀ tó ń sùn nínú ìgbẹ́, òórùn ẹ̀ máa ń le sí i. Kẹ́ ẹ tó tà, ẹ yọ́ ọ̀rá díẹ̀ nínú páànù, kí obìnrin méjì gbọ́ ọ.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti dá owó obìnrin náà padà. Ó ní àwọn tó ń jẹun lọ́dọ̀ òun ò bi òun rí bóyá wọ́n tẹ ẹlẹ́dẹ̀ lọ́dàá, òórùn nìkan ni wọ́n mọ̀. Màá máa ta àwọn akọ ní oṣù márùn-ún. Dókítà, akọ mẹ́ta tó ti lé lóṣù méje ńkọ́?