Ọjọ́ wo ni ẹ rí Ìhìnrere lójúkorojú ní ilé-ìwé Kátólíìkì?

Olùkọ́ Ìṣirò
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ìwé Kátólíìkì. Àràárọ̀ ni a ń gbàdúrà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, a kì í sì í pa Míísà jẹ, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ bi yín kò sí nínú ṣápẹ́ẹ̀lì. Mo fẹ́ kí ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ fi ojú ara yín rí i tí ẹnì kan gbé Ìhìnrere wọ kíláàsì, tàbí ọjọ́ tí ó yẹ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ tí kò sì ṣe é. Èmi ni n ó kọ́kọ́ sọ tèmi, ìtàn náà kò sì yìn mí.

Mo ṣe ìdánwò kan fún kíláàsì mi. Bí mo ti ń yẹ ìwé wọn wò, mo rí i pé ọmọ méje ṣe àṣìṣe kan náà lórí ìlà kan náà: gbogbo wọn kọ 7 síbi tí 1 yẹ kí ó wà, nítorí pé ẹni tí wọ́n ń wò lára rẹ̀ a máa fi ìkọ́ sí orí 1 tirẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, mo ní kí ẹni tí ó bá mọ̀ pé òun jíwèé wò dìde dúró. Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ó dìde, ó sì di etí tábìlì mú nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo fún un ní òdo, mo bá a wí lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, mo sì kọ lẹ́tà sí àwọn òbí rẹ̀. Àwọn mẹ́fà tí ó jókòó, mo ní ẹ̀rí kò tó, mo fi máàkì wọn sílẹ̀ fún wọn. Bí mo ti ń kó ìwé mi jáde, mo gbọ́ tí ọmọkùnrin kan sọ fún un pé, "Àbí o ti rí i báyìí?" Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà.

Ọmọ Àtijọ́
Kí ni ẹ wá ṣe lẹ́yìn náà, sà?

Ìyá Ìbejì
Òdo tí Olùkọ́ fún ọmọ yẹn rán mi létí ohun tí mo ti fẹ́ gbàgbé. Ilé-ìwé Kátólíìkì kan, tí n kò ní dárúkọ, ni àwọn ọmọ mi ń lọ nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ baba wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo tẹ̀ lé wọn lọ kí n lè bẹ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n fún wa ní àsìkò díẹ̀ sí i, mo sì dúró lẹ́bàá ògiri kí wọ́n lè parí àdúrà. Wọ́n ka Baba Wa. Wọn kò tíì ṣe àmì àgbélébùú tán dáadáa tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn ọmọ tí ó jẹ owó ilé-ìwé. Wọ́n ka Táíwò, wọ́n ka Kẹ́hìndé. Àwọn méjèèjì bọ́ síwájú, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ọ̀kan ń wo bàtà rẹ̀. Èkejì rí mi níbi tí mo dúró sí, ó sì yí ojú kúrò, bí ẹni pé òun ni ó ṣẹ̀ mí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Bíbélì, ẹ wo Mátíù orí 6, ẹsẹ 12: gbèsè ni ó wà níbẹ̀. Ẹnu tí a fi ní kí Baba dárí gbèsè wa jì wá ni a fi ka orúkọ àwọn ọmọ mi. N kò bẹ ẹnikẹ́ni mọ́ lọ́jọ́ náà. Mo mú wọn lọ sílé.

Àdùkẹ́
"Ó yí ojú kúrò, bí ẹni pé òun ni ó ṣẹ̀ mí." Ọlọ́run yóò tù yín nínú, Màmá.

Akápò Ilé-Ìwé
Màmá Ìbejì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Èmi ni akápò ní irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, n kò sì ní gbèjà ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ yín, nítorí pé ó burú. Ṣùgbọ́n kí a má sọ̀rọ̀ bí ẹni pé owó ilé-ìwé jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Bí àwọn òbí kò bá san án, àwọn olùkọ́ kò ní gba owó oṣù, Jákọ́bù orí 5 sì sọ pé owó ọ̀yà tí a kò san fún àwọn alágbàṣe ń ké jáde, igbe wọn sì ti dé etí Olúwa. Mo ti rí olùkọ́ tí oṣù méjì kọjá lórí rẹ̀ láìgba nǹkan kan, tí òun náà ní ọmọ nílé. Ta ni yóò ka orúkọ tirẹ̀?

Ọmọ Àtijọ́
Ẹ̀gbọ́n Akápò, Jean-Baptiste de La Salle, àlùfáà ará Faransé tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn Arákùnrin olùkọ́ sílẹ̀, kò gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ aláìní tí wọ́n ń kọ́. Nígbà tí ìyàn mú ní ìlú Reims ní àwọn ọdún 1680, ó pín ogún tirẹ̀ fún àwọn tálákà títí tí ó fi tán. Òun ni Ìjọ fi ṣe alábòójútó mímọ́ fún gbogbo olùkọ́ ní 1950. Ṣé àpẹẹrẹ rẹ̀ kò kàn wá mọ́ ni?

Akápò Ilé-Ìwé
Ó kàn wá. Ṣùgbọ́n ogún rẹ̀ ni ó pín, kì í ṣe owó oṣù ẹlòmíràn.

Olùkọ́ Àgbà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì
Ẹ̀yin méjèèjì ni ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu yín, ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i. Ìwé tí ìgbìmọ̀ ìjọba Póòpù tí ó ń mójú tó ẹ̀kọ́ Kátólíìkì gbé jáde ní 1977 sọ ọ́ gbangba pé bí ilé-ìwé wa bá ń kọjú sí kìkì ọmọ àwọn olówó, tàbí tí àwọn wọ̀nyẹn bá gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkíyèsí wa, a ń ran àìṣòdodo lọ́wọ́ ni. Nítorí náà, kì í ṣe bóyá kí a gba owó tàbí kí a má gbà á ni ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀, bí kò ṣe ẹni tí a ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ àti ibi tí a ti ń béèrè rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Òbí ni ó jẹ ẹ́, òbí ni kí a pè, kí a sì pè é sí yàrá tí a lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Akápò Ilé-Ìwé
Bí mo ti ń ṣe é nìyẹn láti ọdún kẹta sẹ́yìn, Bàbá. Àkọsílẹ̀ gbèsè kò kúrò lọ́wọ́ mi mọ́. Olùkọ́ kíláàsì pàápàá kò mọ ẹni tí ó jẹ owó. Àpótí kan tún wà tí àwọn òbí tí ó ní lọ́wọ́ ń fi owó sí, mo sì ń fi í san ti àwọn tí kò ní, láìjẹ́ pé ẹni tí ó fi í sílẹ̀ mọ ẹni tí ó gbà á. Mátíù orí 6, ẹsẹ 3, ni mo rò nígbà tí mo dá a sílẹ̀, níbi tí Jésù ti ní kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Kò tó fún gbogbo wọn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, a kò tíì yọ ọmọ kankan kúrò ní àga ìdánwò.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n Akápò. Ọlọ́run yóò máa fi kún àpótí náà.

Abẹ́ Igi
Ní ti àwọn tí ń wá ìtàn rere: ọ̀gá ilé-ìwé wa tẹ̀ lé Fadá ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ kan, ọjọ́ tí Fadá ń wẹ ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn bí Jésù ti wẹ ti àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Rẹ̀, kò sì jẹ́ kí wọ́n mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ ìwé jù láti wẹ ẹsẹ̀ wọn bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ń gbá ilẹ̀, àwọn tí ń se oúnjẹ àti ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni ó pè síwájú. Obìnrin wà nínú wọn pẹ̀lú, nítorí pé láti 2016 ni Póòpù Francis ti fún wa ní àyè láti wẹ ẹsẹ̀ obìnrin náà. Ìyá tí ń gbá kíláàsì wa kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ aṣọ, ó ní ó ti sán.

Àdùkẹ́
Báwo ni wọ́n ṣe ṣe sí ìyá náà nígbà tí ọdún Àjíǹde parí?

Abẹ́ Igi
Ó dùn mí pé ẹ béèrè. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí olùkọ́ kan fi pariwo mọ́ ọn lójú wa nítorí omi tí ó dà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá náà gbọ́, ó wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fúnra rẹ̀, ó mú aṣọ ìnulẹ̀ lọ́wọ́ ìyá náà, ó sì nu omi náà láìsọ ọ̀rọ̀ kankan sí ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ náà bẹ ìyá náà lọ́jọ́ kan náà. Ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni mo máa ń rántí ju ti ṣápẹ́ẹ̀lì lọ.

Ọmọ Mùsùlùmí
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba èmi náà láyè. Mùsùlùmí ni mí, ọdún mẹ́fà ni mo sì fi kàwé lọ́dọ̀ àwọn Sísítà. Nínú oṣù Ramadan kan tí mo ń gbààwẹ̀, ìdánwò eré sísá bọ́ sí ọ̀sán gangan. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé n kò fẹ́ kí wọ́n rò pé mo ń wá àwáwí. Sísítà tí ń mójú tó eré ìdárayá pè mí ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, ó ní kí n wá sáré tèmi kí agogo ìwé tó lù. Nígbà tí mo dé pápá, òun nìkan ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú aago tí ó fi ń ka àsìkò. Kò sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kan sí mi. Ó ní, "Ó yá, sáré," mo sì sáré.

Gbólóhùn Kan
Ìyẹn kì í ṣe Ìhìnrere. Ọmọlúàbí ni Sísítà náà, ó tán.

Àdùkẹ́
Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì?

Gbólóhùn Kan
Ìyàtọ̀ wà. Ọmọlúàbí wà nínú gbogbo ẹ̀sìn, ó sì wà lọ́dọ̀ ẹni tí kò ní ẹ̀sìn rárá. Bí a bá ń pe gbogbo ìwà rere ní Ìhìnrere, ilé-ìwé Kátólíìkì kò ní ohun kan tí ó fi yàtọ̀ sí òmíràn mọ́, a ó sì gbàgbé pé Jésù ni a ń kéde. Mo fẹ́ràn ohun tí Sísítà ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí kí orúkọ Rẹ̀ má baà di ohun tí a ń tijú láti pè.

Olùkọ́ Àgbà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì
Ẹ̀rù tí ń bà ọ́ ní ìdí, ọmọ mi, n kò fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí amòfin bi Jésù pé ta ni aládùúgbò òun, ará Samáríà ni Jésù fi dá a lóhùn, ẹni tí àwọn tí ó ń gbọ́ Ọ kà sí aláìmọ̀ ẹ̀sìn. Àlùfáà àti ọmọ Léfì mọ orúkọ Ọlọ́run dáadáa, wọ́n sì gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá. Póòpù Paulu Kẹfà náà sọ ọ́ ní 1975 pé àwọn ènìyàn ìsinsìnyí ń fetí sí ẹlẹ́rìí ju olùkọ́ lọ, bí wọ́n bá sì ń fetí sí olùkọ́, nítorí pé ó jẹ́ ẹlẹ́rìí ni. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ, ń sọ̀rọ̀ ilé-ìwé ní 1965, ó ní kí a ṣe ìtọ́jú àwọn tí kò ní, àwọn tí kò ní ìtìlẹ́yìn ẹbí, àti àwọn tí kò tíì ní ẹ̀bùn ìgbàgbọ́. Ọmọ tí ń gbààwẹ̀ yẹn wà nínú ohun tí wọ́n ní lọ́kàn.

Ọmọ Mùsùlùmí
Ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Lẹ́yìn ọdún méjì, mo bi Sísítà ìdí tí ó fi ṣe é. Ó ní Jésù gbààwẹ̀ fún ogójì ọjọ́, kò sì sí ẹni tí ó ní kí Ó sáré. Nítorí náà, ó pe orúkọ Rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo béèrè.

Gbólóhùn Kan
Mo gbà.

Ọmọ Àtijọ́
Olùkọ́ Ìṣirò, ẹ kò tíì dá mi lóhùn o. Èmi gbà pé ó yẹ kí ẹ fún ọmọbìnrin náà ní òdo. Ìdáríjì kò ní kí a pa ìyà rẹ́. Sákéù agbowó-òde inú Bíbélì ní òun yóò dá ohun tí òun fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin, nígbà tí a bá sì jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, Fadá a máa fún wa ní iṣẹ́ ìrònúpìwàdà ṣe.

Àdùkẹ́
Fadá kì í fún ẹni tí kò jẹ́wọ́ ní máàkì.

Olùkọ́ Àgbà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì
Òdo kọ́ ni ó bà mí nínú jẹ́ nínú ìtàn náà, bí kò ṣe ìbáwí lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. John Bosco, àlùfáà ará Ítálì tí ó tọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ aláìní, kọ ọ́ ní 1877 fún àwọn tí ń tọ́ ọmọ pé, yàtọ̀ sí ìgbà tí ó ṣọ̀wọ́n gidigidi, a kò gbọdọ̀ bá ọmọ wí ní gbangba. Ní kọ̀rọ̀ ni, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sí. Ohun tí Mátíù orí 18 sọ náà nìyẹn, láàrin ìwọ àti òun nìkan. Àwọn àgbà wa ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, kí a fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Olùkọ́, ǹjẹ́ ẹ fà á mọ́ra?

Olùkọ́ Ìṣirò
Mo pẹ́, Bàbá, ṣùgbọ́n mo ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, mo ní kí ó dúró nígbà tí kíláàsì tú, mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, mo sì sọ fún un pé mo ṣẹ̀ ẹ́, nítorí pé òun tí ó sọ òótọ́ ni mo fi gbogbo ìyà náà jẹ. Mo bi í ohun tí ó fẹ́ kí n ṣe. Mo rò pé yóò ní kí n dá máàkì òun padà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa tún un ṣe, sà." Mo béèrè bóyá mo lè tọrọ àforíjì lójú kíláàsì, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ojú kíláàsì ni mo ti bá a wí, ó sì mi orí. Mo ṣe é ní ọjọ́ kejì. Mo kọ lẹ́tà kejì sí àwọn òbí rẹ̀ pẹ̀lú, mo sọ fún wọn nínú rẹ̀ pé nínú gbogbo àwọn tí ó ṣẹ̀, ọmọ wọn nìkan ni ó ní ìgboyà. Gbogbo kíláàsì ni ó tún ìdánwò náà ṣe. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mẹ́ta nínú àwọn mẹ́fà náà ti wá bá mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ Àtijọ́
Àwọn mẹ́ta yòókù ńkọ́?

Olùkọ́ Ìṣirò
Ọ̀kan wá ní ọjọ́ tí ó jáde ìwé mẹ́wàá, pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Òun ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ kí n sùn yẹn. Mo ṣì ń retí àwọn méjì.