Kẹ́mò nìkan, àbí ká fi abẹ́rẹ́ jó kókó náà mọ́ ọn?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró bàbá mi ti dé ìpele kẹrin; Manchester níbí ni wọ́n ti ń gbàtọ́jú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń fa kẹ́mò, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ carboplatin àti pemetrexed, sí wọn lára. Àwọn kókó yòókù ń sún kì, àfi ọ̀kan tó ṣorí kunkun lápá ọ̀tún, kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ.

Dókítà ní àwọn lè ki abẹ́rẹ́ gígùn gba awọ àyà wọlé, kí àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ CT ń yà máa tọ́ ọ sọ́nà, kí ooru microwave jó o pa. Wọn ò ní torí ẹ̀ pa kẹ́mò tì, torí ibi tí abẹ́rẹ́ bá dé nìkan ni iná ń jó. Ìyẹn yé mi. Ohun tó ń já mi láyà ni pé afẹ́fẹ́ lè jò sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, kí wọ́n tún ki rọ́bà bọ àyà láti fà á jáde. Bàbá tó jẹ́ pé àtẹ̀gùn ilé lásán, wọ́n á ti máa mí hẹlẹ!

Ẹni tó bá ti tọ́jú ẹni tó ṣe méjèèjì, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìgbà wo ni kẹ́mò tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀? Kí lẹ bi dókítà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé? Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má dárúkọ àgbo fún mi. Èyí tí Màmá rà la ṣì ń fi pa mọ́ fún wọn.