Gẹ̀ẹ́sì wọ́ọ̀dù: ẹ̀yin ọmọ mẹ́dísìn, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Kẹ́mi400L
Ẹ kú iṣẹ́ o. Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ò dẹ́rù bà mí mọ́. Èyí tí màá fi kọ ohun tí aláìsàn fi Yorùbá sọ sínú fáìlì ló ń dà mí láàmú. Níbo lẹ ti ń wádìí? Ẹ sọ ìrírí yín.

ỌmọAlákàrà
Google. Ó tán.

Baba_Clinicals
Posting psychiatry, ẹ̀ka ìtọ́jú àrùn ọpọlọ, ni ojú mi ti là. Màmá kan ní nǹkan ń rìn lórí òun, tó bá rìn tán á bọ́ sí ẹ̀yìn, etí òun sì ń hó. Ẹni tí a jọ ń ṣe clerking, ìyẹn ká bi aláìsàn léèrè ká sì kọ ọ́ sílẹ̀, ti kọ "headache", ó ti ń dìde. Rẹ́sídẹ́ǹtì wa bi màmá pé, "Mà, ṣé orí ń fọ́ yín ni?" Màmá ní, "Ta ló sọ pé ó ń fọ́? Mo ní ó ń rìn!" Nígbà tí mo délé, mo tẹ "crawling sensation" àti "Yoruba" sórí PubMed, ibi tí wọ́n ti ń wá ìwádìí ìṣègùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mo bá já lu iṣẹ́ ìwádìí dókítà ọpọlọ kan, Makanjuola, ti 1987. Ọdẹ orí ló wà nínú àkọlé ẹ̀ gbangba! Nǹkan tó ń rìn lórí, etí tó ń hó, àyà tó ń já, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ta ló máa rí ìyẹn lábẹ́ "headache"?

Tóyìn_RN
Ọdẹ orí! Ìyá àgbà wa ní in. Ilé aláàdúrà la gbé wọn lọ.

Kẹ́mi400L
@Baba_Clinicals kí lẹ wá kọ sí fáìlì?

Baba_Clinicals
Ohun tí wọ́n sọ gan-an, ní Yorùbá. Mo wá fi Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ ẹ̀.

ÒFẹ́Wàhálà
Tí kọ̀ńsọ́tántì yín bá jẹ́ ará Calabar ńkọ́?

Baba_Clinicals
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ka ọ̀rọ̀ tán. Mo ní mo fi Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ ẹ̀.

ỌmọAlákàrà
Èmi bi ChatGPT pé kí ni jẹ̀díjẹ̀dí, ó ní haemorrhoids. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Tóyìn_RN
Yéè! Ẹlòmíràn á ní jẹ̀dí ń ṣe òun, ẹ̀yìn ló ń ro ó. Ẹlòmíràn, ìgbẹ́ ọ̀rìn ni. Ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ inú yàrá ni, ìyàwó ẹ̀ ló lé e wá. Ẹ bi aláìsàn pé ibo ló ń dùn yín, kí lẹ rí nínú ìgbẹ́. ChatGPT ò rí ìdí ẹnikẹ́ni.

Àdìó_London
Kí wọ́n fi ṣúgà sílẹ̀, á lọ.

ÒFẹ́Wàhálà
Ṣúgà kẹ̀? Iṣan ẹ̀jẹ̀ ìdí tó wú ni haemorrhoids. Ìgbẹ́ líle àti kéèyàn máa fi agbára tì í wà lára ohun tó ń fà á.

Àdìó_London
Ẹ máa ka ìwé yín lọ. Bàbá mi ò fi ṣúgà sí tíì mọ́, ó lọ.

Ẹni_Jẹ́jẹ́
Lógbúùkù tiwa, ìwé tí a ń kọ iṣẹ́ wọ́ọ̀dù sí, ní àyè fún "reflection", kéèyàn ronú lórí ohun tó ṣe. Ẹnì kan ló ń ronú, gbogbo kíláàsì ń dà á kọ 😂

Àdìó_London
Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Níbí, dókítà tó ti gboyè pàápàá ń kọ reflection sí portfolio, àkójọ ẹ̀rí iṣẹ́ ẹ̀. Alẹ́ Sunday ni àbúrò mi máa ń jókòó tì í, á máa kùn.

Kẹ́mi400L
Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní PDF Makanjuola yẹn?

ÒFẹ́Wàhálà
@Àdìó_London ṣé àbúrò yín kọ ti tíì bàbá yín sí portfolio ẹ̀?

Àdìó_London
Ẹ fi bàbá mi sílẹ̀ o. Wọ́n ti lé ní ọdún 80, wọn ò sun wọ́ọ̀dù rí.