Ìdáhùn: Paltik kì í ṣe “ìbọn ayédèrú”

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó túmọ̀ ìròyìn nípa àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn Danao ní orílẹ̀-èdè Filipínì sí Yorùbá ṣiṣẹ́ ribiribi, àárẹ̀ ò ní mú wọn. Àmọ́ nígbà tí mo kà á débi tí wọ́n ti pe paltik, ìyẹn ìbọn tí àwọn ará ibẹ̀ ń fọwọ́ rọ láìgbàṣẹ, ní “ìbọn ayédèrú”, ara mi bù máṣọ. Ohun tó wá bí mi nínú jù ni bí àwọn kan ṣe tò tẹ̀ lé e, tí wọ́n ní ó bá a mu wẹ́kú.

Kò bá a mu. Ẹ jẹ́ ká tú u wò: ayé di èrú. Èrú yẹn ni eegun ọ̀rọ̀ náà, ohùn ìsàlẹ̀ ló ṣáájú, tòkè tẹ̀ lé e. Ibi tí kò bá ti sí èrú, ayédèrú ò ní ilé níbẹ̀. Oògùn ayédèrú kì í wo àìsàn. Owó ayédèrú, ẹni tó bá mọwó ò ní gbà á. Paltik ńkọ́? Ọta ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹni tó bá bà ń ṣubú. Èwo ni èrú níbẹ̀?

Danao wà ní erékùṣù Cebu, lápá àríwá Cebu City. Ogun Àgbáyé Kejì ò tíì bẹ̀rẹ̀ tí àwọn ìdílé kan ti ń rọ ìbọn níbẹ̀, bàbá ń kọ́ ọmọ. Irin àlòkù ni, ayùn ni, òòlù ni. Alágbẹ̀dẹ á fi irin há ẹnu fáìsì, á máa fi ayùn ha á díẹ̀díẹ̀, á gbé e sókè wo ìmọ́lẹ̀ lára rẹ̀, á tún ha á, títí ibi tí ọta ń jókòó sí á fi máa yí wẹ́rẹ́ láìhá. Ìbọn ìléwọ́ .38 ń jáde níbẹ̀, .45 ń jáde, irú èyí tó ń yìn léraléra náà ń jáde. Ẹ wá ń pe irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọwọ́ èrú?

Lóòótọ́, àwọn kan lára wọn máa ń lu orúkọ ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà sí i lára, Colt tàbí Smith & Wesson. Ẹ pe ìyẹn ní ayédèrú, mi ò ní bá yín jiyàn, orúkọ tó wà lára rẹ̀ ló ń purọ́. Èyí tí wọn ò kọ orúkọ kankan sí lára, ta ni wọ́n fẹ́ fi tàn jẹ?

Òfin wọn gan-an ò pè é bẹ́ẹ̀. Nínú Republic Act 10591 ti ọdún 2013, “loose firearm” ni orúkọ tí wọ́n kó gbogbo wọn sí: ìbọn tí wọn ò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí wọ́n pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́, èyí tó sọnù, èyí tí wọ́n jí, èyí tí wọ́n rọ láìgbàṣẹ, títí kan èyí tí ìjọba ti gba ìwé rẹ̀ padà. Colt tó wọkọ̀ òkun wá láti Amẹ́ríkà lè bá paltik nínú agbo yẹn. Ìwé ni òfin ń béèrè, kò bi irin léèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tó tìtorí “loose” dábàá “ìbọn tó tú” fún un ń pa wá lẹ́rìn-ín ni: ìbọn tó bá tú, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ là ń gbé e lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Àǹtí wa tó ní “ìbọn aṣáko” ló sún mọ́ ọn jù. Ewúrẹ́ tó ṣáko, ewúrẹ́ náà ni.

Ẹ má rò pé mò ń gbè sẹ́yìn wọn o. Ẹ̀wọ̀n ẹni tó bá rọ ìbọn láìgbàṣẹ níbẹ̀ ju ọdún 12 lọ, kódà bí wọ́n bá ká irinṣẹ́ rẹ̀ lásán mọ́ ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó di ẹ̀rí, àfi kó rí i já. Àmọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó gbàṣẹ ní Cebu ti gba àwọn ọmọ Danao síṣẹ́. Ọwọ́ kan náà! Ṣé tó bá wà ní ilé iṣẹ́, ojúlówó ni, tó bá wá délé, ó di ayédèrú?

Alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí bàbá mi. Mo bá ẹmú wọn, mo bá owú wọn, mo fín ẹwìrì wọn. Ìbọn òyìnbó ni àwọn àgbà wò rọ ṣakabùlà, mi ò sì gbọ́ kí ẹnì kan nínú wọn pè é ní ayédèrú. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ti kọ́ni ní fásitì. A gbà. Ṣé fásitì ló ń rọ irin?

Ó ku “ìgbáralé ológun”, tí wọ́n fi túmọ̀ ètò tí Ààrẹ Marcos bàbá dá sílẹ̀ lọ́dún 1974, tí Ààrẹ Marcos ọmọ tún fọwọ́ sí òfin rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, pé kí Filipínì máa fúnra rẹ̀ ṣe ohun ìjà rẹ̀, kó yé wojú ilẹ̀ òkèèrè. Bí mo bá ní mo gbára lé ọ, ìwọ ni mo fẹ̀yìn tì. “Ìgbáralé” láìsí “ara ẹni” nínú rẹ̀ ti sọ òdìkejì ohun tí wọ́n ń wí. “Ìdágbọ́-bùkátà” ni tèmi. Ẹni tí kò bá dùn mọ́ kó mú tiẹ̀ wá.

Àti “arọ́bọn” tí wọ́n pe alágbẹ̀dẹ ìbọn yẹn. Rọ la fi ń rọ ọkọ́, ohùn àárín ni. Bó bá pàdé ìbọn, rọ̀bọn ló ń dà, bí jẹ àti ìyà ṣe ń di jìyà. Rọ́ tòkè, ẹsẹ̀ ló ń rọ́. Tagalog ní panday fún ẹni tó ń rọ irin, wọn ò wá òmíràn lọ nítorí ìbọn. Àwa náà ní alágbẹ̀dẹ nílẹ̀. Ẹni tó ní Ìjẹ̀bú lòun ti gbọ́ arọ́bọn, kó dárúkọ àdúgbò náà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyá mi, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí.